Àpótí Gbígbóná Tí Mo Yọ Lára Ẹ̀rọ

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn náílọ́ọ̀nù tí iná kàn, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Àpòmù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkirè, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti fẹ́ ìyàwó, a sì ti bí ọmọ kan. Mo gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohunkóhun tó ní wáyà nínú tí mo lè wò tí n kò ní mọ ohun tó ń ṣe é, n kì í sì í fi ìgbàgbọ́ yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìyá kan tí wọ́n ga, tí wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pa pọ̀. Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àpò búrẹ́dì la ń ṣe níbẹ̀. Àwọn onílé búrẹ́dì ní Ìkirè, ní Gbọ̀ngán àti ní Orílẹ̀-Òwu ló ń rà á lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń gé àpò yìí, àlòkù tó ti òkè òkun wá, ẹ̀rọ yẹn gan-an sì ni ilé-iṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin méje tó ń to àpò yóò jẹun. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó jọ jókòó máa wo ara wa ni.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Róòlù ńlá náílọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn. Rọ́bà roboto méjì yóò fà á wá síwájú ní ìwọ̀n àpò kan, wọn yóò dúró gbọnyin, ọ̀bẹ gbígbóná yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò lẹ ìdí àpò pọ̀, yóò gé e, rọ́bà yóò tún fà. Fà, dúró, gé. Fà, dúró, gé, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mọ́tọ̀ tó ń yí rọ́bà yìí kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Sáfò la ń pè é, mọ́tọ̀ tó mọ ibi tó yẹ kó dúró gẹ́lẹ́, tí kì í kọjá ibẹ̀. Kò sì dá ṣiṣẹ́. Dráìfù kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ń fún un níná, tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò sáré àti ìgbà tí yóò dúró. Dráìfù yìí ni ọkàn ẹ̀rọ náà. A kò mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo Nàìjíríà, bó bá sì jóná, ilé-iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àpótí pẹlẹbẹ mìíràn tún wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù náà, níta, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Wáyà méjì ló so ó mọ́ dráìfù. Kò ní bọ́tìnì, kò ní iná tó ń tàn, kì í pariwo. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a rí i pé ó ń ṣe ni pé ó ń gbóná, ó sì ń gbóná débi pé àwọn obìnrin tó ń to àpò ti sọ ọ́ di ààrò. Bí wọ́n bá ti dé láàárọ̀, wọn yóò fi irin pẹlẹbẹ kan lé e lórí, wọn yóò to mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wọn sí i, nígbà tó bá fi di aago méjìlá, oúnjẹ ti gbóná fẹlifẹli. Ọ̀kan nínú wọn máa ń sọ pé àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yìí láàánú lójú, pé wọ́n rántí òṣìṣẹ́.

Ọdún yẹn náà ni ọmọ wa kú. Obìnrin ni. Oṣù kẹrin ló wà. Ibà mú un ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti parí. Àwọn àgbà ilé gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n lọ sin ín, wọn ò sì jẹ́ ká mọ ibẹ̀, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ìyá mi wá bá wa gbé, wọ́n kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò nílé, títí kan ìbọ̀sẹ̀ kan tó ṣì wà lórí okùn níta. Gbogbo ẹni tó wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà mọ́. Wọ́n ní ìyá tó bá ń sunkún ìkókó, ọ̀nà ló ń dí mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Agbè tí wọ́n ń wí ni ìyàwó mi. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkirè, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀ púpọ̀. Ó lè ròyìn ìjà ọmọ kíláàsì kìíní méjì títí a ó fi jẹun tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọmọ kú, ó figbe ta, ó ń yí lórí ilẹ̀. Mo dì í mú ní èjìká méjèèjì, mo sì fi ohùn líle sọ fún un pé, "Ó tó! Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ ba ti iwájú jẹ́ ni?" Ó dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn pa iná. Ìyá mi mi orí sí mi pé mo ṣe dáadáa, èmi náà sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọkọ.

Láti ọjọ́ yẹn kò sunkún mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́ pẹ̀lú. Ìyá mi yóò se oúnjẹ, ìyàwó mi yóò fi ṣíbí kan kan ẹnu, yóò dúpẹ́, yóò gbé àwo kúrò. Ọyàn rẹ̀ kún fún wàrà tí kò sẹ́ni tí yóò mu ún. Ó fi ọ̀já dè é mọ́ àyà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ló ń fi dáhùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, òrùka ìgbéyàwó wa ti ń yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gidigidi. Mo ń jí lóru, mo ń gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń wò ó bó ṣe ń lọ, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká ti ilé, ibi iṣẹ́ ló ti máa ń ṣe ọ̀gá. Àsìkò yẹn iná ìjọba kò dúró, jẹnẹrétọ̀ là ń lò, epo dísù tó ń mu sì ṣòro láti rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń wo àpótí tó ń gbóná. Mo ní, gbogbo ooru yìí, iná ni. Iná tí à ń sun dísù fún, tó wá ń lọ sínú afẹ́fẹ́ kí mọ́ínmọ́ín lè gbóná. Inú bí mi sí àpótí náà bí ẹni pé ó gbà mí ní nǹkan. Mo tú wáyà rẹ̀ méjèèjì, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbé e lọ sí sítọ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ fi ẹnu ara mi sọ fún Mọ̀mí pé mo ti bá wọn dá òfò kan dúró. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn, òun ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

"Bùọ̀dá, ẹ ti pa ààrò wa," ni àwọn obìnrin náà ń wí nígbà tí wọ́n dé. Mo sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe búkà.

Fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí ẹni pé n kò ṣe é ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ó dúró lójijì. Iná pupa tàn lójú dráìfù, nọ́ńbà kan sì yọ níbẹ̀ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí èdè tí wọ́n fi kọ ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo pa á, mo tún un tàn, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún dúró. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ní kó rọra sáré, kó sì rọra dúró, iná pupa kì í tàn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀, àpò tí a ń gé kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ọdún Àjíǹde sì ti kù díẹ̀, àwọn onílé búrẹ́dì ń ránṣẹ́ léraléra. Ni mo bá tún mú un sáré, mo sì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti kú, mo ń jí i. Ó kú, mo jí i. Báyìí la ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, títí òórùn tí kì í ṣe ti náílọ́ọ̀nù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mọ̀mí wá dúró lẹ́yìn mi. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí ń kú lọ?"

"Rárá o, mà. Ara rẹ̀ kàn ń kọ iṣẹ́ ni."

Wọn ò bá mi jiyàn. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ojú ọmọ tí kò mọ ìdáhùn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí Gbọ̀ngán láì sọ fún mi, bàbá kan sì gun alùpùpù dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sáńdà. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo fi ojú di wọ́n nítorí ìbọ̀sẹ̀ náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í mọ ìyẹn nígbà tí aṣọ bá ṣì ń dán.

Ẹnjiníà kò tú nọ́ọ̀tì kan. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní àga, wọ́n jókòó, wọ́n wo ẹ̀rọ bó ṣe ń fà, tó ń dúró, tó ń gé. Ó kú níṣojú wọn, mo jí i níṣojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n fi ìka kan orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọ̀dà ti mọ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Àpótí kan ni, sà. Ó ń gbóná jù, mo bá yọ ọ́."

"O yọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Iná ló ń fi ṣòfò."

Wọ́n wò mí títí. Mo tilẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbóná," wọ́n ní. "Ṣé o máa ń gun kẹ̀kẹ́?"

"Mò ń gùn ún, sà."

"Bí o bá di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí ò ń sáré bọ̀ látorí òkè, tí o wá fún bíréèkì mọ́ ọn lójijì, tí o fọwọ́ kan rọ́bà bíréèkì yẹn, báwo ló ṣe máa rí?"

"Á gbóná, sà."

"Eré tí kẹ̀kẹ́ ń sá tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibo ló lọ?"

Àwọn fúnra wọn ló dáhùn. Wọ́n ní, "Inú rọ́bà yẹn ló lọ. Eré kì í kàn kú bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wá là á yé mi, ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní bí mọ́tọ̀ bá ń sáré tí dráìfù sì ní kó dúró lójijì, mọ́tọ̀ náà fúnra rẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀, á máa ti iná padà sínú dráìfù tó fún un níná. Dráìfù ní kapásítọ̀ tó rí bí agolo, tó lè gba iná díẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n ó lópin. Bó bá ti fẹ́ kún, dráìfù á ṣílẹ̀kùn, á da èyí tó pọ̀ jù sínú àpótí, àpótí á sọ ọ́ di ooru, afẹ́fẹ́ á sì gbé ooru lọ. Bí kò bá rí ibi tó máa dà á sí, á pa ara rẹ̀ kó má baà bẹ́. Ìyẹn ni iná pupa tí mo ń rí.

"Ìwọ wá ń fi tipá jí i. Ìgbà mélòó lo ti jí i lónìí?"

"Ìgbà méjìlá, sà."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Wọ́n ní kí n pa gbogbo iná, a sì dúró kí èyí tó wà nínú dráìfù gbẹ tán kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n fi orí kapásítọ̀ hàn mí. Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó ti wú. Wọ́n ní bó bá tún ṣe ọjọ́ méjì báyìí, ariwo rẹ̀ la ò bá gbọ́. Mo ń wo ibi tó wú yẹn, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ọ̀já tí ìyàwó mi fi ń di ọyàn mọ́ àyà ló wà lójú mi. Ojú tì mí. Kì í ṣe nítorí dráìfù.

A gbé àpótí náà padà sáyè rẹ̀. A tan ẹ̀rọ, mo mú un sáré bó ṣe yẹ, iná pupa kò tàn. Kò pẹ́, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹnjiníà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohunkóhun lé e lórí mọ́, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Àwọn obìnrin náà fi ohùn kan dáhùn pé "Yẹ́ẹ̀sì, sà," nígbà tó fi di ọjọ́ kejì mọ́ínmọ́ín ti padà síbẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Mọ̀mí kí n tètè lọ sílé. Wọ́n rò pé ẹjọ́ mi ni mò ń sá fún.

N kò ní purọ́ pé ẹ̀rọ ló kọ́ mi bí a ṣe ń nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Ohun tó sọ fún mi kò ju pé mo ti ṣe àṣìṣe kan náà níbi méjì, àti pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣì lè ní àtúnṣe.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé Ìkirè. Ìyàwó mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tí kò ní jẹ lórí atẹ. Ìyá mi wà lẹ́yìn ilé nídìí iná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ sọ láti Àpòmù, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ta lo rò pé ó jọ?" mo bi í.

"Ta ni?"

Mo dárúkọ ọmọ wa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ rẹ̀ nínú ilé náà. Ìyàwó mi kò wò mí, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ẹ ní kí n dákẹ́," ó ní.

"Mo mọ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ ni. Jọ̀ọ́, má dákẹ́ mọ́."

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. "Etí rẹ̀ jọ tiyín," ó ní. "Ti òsì." Lẹ́yìn náà ni igbe bọ́. Atẹ dànù, ẹ̀wà fọ́n káàkiri ilẹ̀, ó ń ké, ó ń pe ọmọ náà lórúkọ, ó ń fi ọwọ́ lu mí láyà, mo sì jẹ́ kó lù mí. Mo dì í mú. Èmi náà ń sunkún, èmi tí wọ́n ti sọ fún pé ọkùnrin kì í sunkún. Omi ọyàn ti rin ọ̀já àti bùláòsì rẹ̀, ó rin aṣọ iṣẹ́ mi.

Ìyá mi sáré dé pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. "Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Omi ló dànù o, agbè..."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó sunkún."

N kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi rí láyé mi. Mo ń dúró de ìbínú wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò wá, orógùn ń kán ọbẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tú gèlè wọn.

"Ọkùnrin ni tèmi," wọ́n ní. "Mo bí i kí n tó bí ẹ."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èmi ni àkọ́bí. Orúkọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n, ìyá èmi. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí rí lẹ́nu wọn, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi títí wọ́n fi kú.

"Ó ti ń rìn," ìyá mi ní. "Wọ́n ní kí n má sunkún, mi ò sì sunkún." Wọ́n wá pe orúkọ ọmọ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbìyànjú bóyá ẹnu òun ṣì mọ̀ ọ́n pè. Ìyàwó mi rákò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé orí lé itan wọn, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún. Mo ṣa ẹ̀wà tó wà nílẹ̀, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìyàwó mi jẹ ẹ̀bà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò pọ̀, àmọ́ ó jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀ o. Ó sunkún fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, nígbà mìíràn tí mo bá ṣe ohun kékeré kan tó bí i nínú. Ilé náà kò rọrùn láti gbé. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, òrùka rẹ̀ sì dúró lọ́wọ́. Ọlọ́run fún wa ní ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n.

Mọ̀mí ti lọ, Ẹnjiníà náà ti lọ, ibi tí ilé-iṣẹ́ wà ti di ṣọ́ọ̀bù. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà náà, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín ara mi bí mo bá rántí bí mo ṣe fi gbogbo ẹnu sọ pé òfò ni ooru. Àṣà àwọn àgbà kò burú, ìfẹ́ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìyá yè. Mo kàn ń ronú nípa iye àwọn tó dákẹ́ ni.

Ìyá mi dàgbà dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, gbogbo wa yí wọn ká ní ọ̀sán kan, èmi àti àwọn àbúrò mi. Ìyàwó mi ló di ọwọ́ wọn mú. Ojú wọn wà ní pípadé, wọ́n sì ń pe orúkọ kan, léraléra, pẹ̀lú ẹ̀rín. Àbúrò mi obìnrin bi wá pé ta ni wọ́n ń pè.

"Àkọ́bí wọn ni," ìyàwó mi dáhùn.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní kì í ṣe èmi.